Kí ni iléeṣẹ́ rédíò ń tà gan-an?

Ọmọ yunifásítì kan tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa, mo bi í pé kí ni rédíò ń tà, ó ní ètò ni, mo ní rárá o, ìwọ là ń tà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo ti ń ta airtime, ìyẹn àkókò orí afẹ́fẹ́, kì í ṣe ti fóònù o, láti bí ọdún mẹ́rìnlá!

Ẹ wò ó. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò yín kẹ́ ẹ tó gbọ́ rédíò, àbí? Àmọ́ dísù tá à ń dà sí jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń san án ni alágbo, báńkì, àwọn tó ń ta ilẹ̀ àtàwọn olóṣèlú, kì í sì í ṣe orin tá a gbé sí i ni wọ́n ń rà, etí yín ni. Ọ̀mọ̀wé ará Kánádà kan, Dallas Smythe, ti kọ ọ́ látọdún 1977 pé àwọn tó ń gbọ́, tó ń wò, àwọn gan-an lọjà, ètò tó dùn yẹn, ìdẹ ẹnu ìwọ̀ ni.

Tiwa wá tún ní ìsàlẹ̀ míì, torí ọ̀pọ̀ ètò Yorùbá tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ kì í ṣe ti iléeṣẹ́ rédíò rárá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó dá dúró, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ FIBAN yẹn (ẹgbẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni), ló ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́wọ́ wa, á sanwó sílẹ̀ (tó bá rí i san o, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbèsè), á wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kiri ọjà láti wá onípolówó, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni èrè ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kí alágbo kan lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó débi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ẹ má bínú sí i jàre.

Ẹni tó ni iléeṣẹ́ rédíò ńkọ́? Lọ́dún 1953, Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà yẹn, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀, Awólọ́wọ̀ ní kóun náà fèsì, wọn ò gbà fún un. Nígbà tó fi máa di October 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti dá WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn, sílẹ̀ n'Ìbàdàn.

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àpótí Rediffusion tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé l'Ékòó láti 1935, ó kàn ń sọ tiẹ̀ lọ ni. Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ ní Birmingham, ló sọ lọ́dún 1973 pé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ jáde ní ohun tó ní lọ́kàn, àmọ́ ẹni tó gbọ́ á túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe yé e. Èmi ò nílò ìwé kí n tó gba ìyẹn gbọ́. A ka ìkéde kan láàárọ̀ ọjọ́ kan pé wọ́n fẹ́ tún títì kan ṣe, a ṣí fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ìkejì ní ó dáa, àmọ́ títì tàdúgbò àwọn ńkọ́? Ìkẹta kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìbò ti ń bọ̀ nìyẹn." Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Hall kà sílẹ̀, ẹni tó gbà á bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba apá kan, ẹni tó kọ̀ ọ́, ló pé síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lórí YouTube, ọjà kan náà ni. Owó ìpolówó tó bá wọlé lórí fíìmù, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹni tó ni ṣánẹ́ẹ̀lì, àmọ́ ẹni tó wo fíìmù Yorùbá láti London tàbí Houston máa ń mówó wọlé ju ẹni tó wò ó láti Ìlọrin, torí àwọn onípolówó tó wà lọ́hùn-ún ló ń san jù.

Tó bá wù yín kẹ́ ẹ rí i fúnra yín, ẹ tan rédíò ní aago márùn-ún ìdájí kẹ́ ẹ ka ìpolówó tó bá wọlé: oògùn oríkèé ríro, oògùn ojú. Ẹ tún tan án nírọ̀lẹ́: tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, data, ọtí. Ẹ ó mọ etí ẹni tá à ń tà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ IT wa ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, ló bá padà wá bi mí pé èló la wá ń ta òun. Mo ní kó lọ wo rate card, ìwé iye owó ìpolówó wa, lára ògiri.