Bí Linux ṣe rí ohùn fọ̀

Odi ni Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, nígbà tí Linus Torvalds gbé e jáde ní Finland lọ́dún 1991. Ó lè kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, ó lè ka díìsìkì, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú káàdì ohùn dún. Ará Finland bíi tirẹ̀, Hannu Savolainen, ló kọ driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀, fún un lọ́dún 1992, fún káàdì Sound Blaster tí ilé-iṣẹ́ Creative ti Singapore ń ṣe.

Savolainen sọ káàdì náà di fáìlì kan, /dev/dsp. Ẹ ṣí i, ẹ da nọ́ńbà sínú rẹ̀, ohùn á jáde. Ẹ kà á, ohùn á wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà C ní OAU á lóye rẹ̀ kíákíá, ìrọ̀rùn yẹn ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Iṣẹ́ náà ló padà di OSS (Open Sound System). Àmọ́ ètò kan ṣoṣo ló sábà máa ń rí fáìlì náà lò lẹ́ẹ̀kan. Bí orin bá ń dún lọ́wọ́, ètò kejì tó bá kan ilẹ̀kùn á gba èsì kan: “Device or resource busy,” ìyẹn ni pé ẹlòmíràn ń lo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.

Jaroslav Kysela, ọmọ ilẹ̀ Czech, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ lórí káàdì Gravis Ultrasound. Láti ibẹ̀ ni ALSA (Advanced Linux Sound Architecture), ètò ohùn tuntun fún Linux, ti jáde lọ́dún 1998. Ó wọ inú kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, lọ́dún 2002, nígbà tí Linux 2.6 sì jáde ní December 2003, òun ló gba ipò OSS.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni àsìkò. Ohùn inú CD ń fẹ́ nọ́ńbà 44,100 fún etí kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kernel máa ń ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì, èyí tí wọ́n ń lò yípo, tí wọ́n pín sí abala-abala. Ètò ń da ohùn síwájú, káàdì fúnra rẹ̀ ń kó o láti ẹ̀yìn. Bó bá parí abala kan, á ta kernel lólobó. Bí nọ́ńbà 48,000 bá ń lọ fún etí kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, abala tó gba 1,024 fún etí kọ̀ọ̀kan á parí láàárín nǹkan bí ìdá 21 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ètò bá pẹ́ jù ú lọ láìsí abala mìíràn nílẹ̀, ohùn á já. Tí a bá sì fẹ àyè náà, ohùn kò ní já, àmọ́ á máa pẹ́ kó tó jáde.

Ẹ wo ẹni tó ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu dùndún nígbà Ọlọ́jọ́ ní Ifẹ̀. Bí ètò rẹ̀ bá lọ́ra, tí àyè náà kún, apá kan ìlù á sọnù, kò sì sí ẹni tó lè bẹ onílù pé kó tún un lù bó ṣe lù ú.

Àwọn onímọ̀ ALSA kò fi àdàpọ̀ ohùn sínú kernel. Mo gbà pẹ̀lú wọn: àṣìṣe nínú kernel lè da gbogbo ẹ̀rọ rú. Àwọn ètò mìíràn, Dmix, lẹ́yìn náà PulseAudio àti PipeWire, ló ń pa ohùn pọ̀ lókè kernel, kí orin àti ìpè lè jọ dún.

Fóònù wá kó ìṣòro tirẹ̀ dé, nítorí kókó ohùn (codec, ìyẹn chip tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn, tó sì ń sọ ohùn di nọ́ńbà) kan náà lè wà nínú oríṣiríṣi fóònù. ASoC, tí wọ́n fi kún ALSA, pín driver sí mẹ́ta: ti kókó ohùn, ti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn kiri, àti ti bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ṣe fóònù tuntun lè lo méjì àkọ́kọ́ tó ti wà nílẹ̀, kó kọ ẹ̀kẹta nìkan. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fóònù Android tí wọ́n ń tún ṣe ní Lágere, ní Ifẹ̀, ti ń fọhùn.