Adìyẹ tó ń yé tó tún lẹ́ran: irú wo la fẹ́ kó sílé?

Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ni Jámánì ti fòfin de pípa akọ òròmọdìyẹ lọ́jọ́ tí wọ́n jáde látinú ẹyin. Ìròyìn yẹn ṣì ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, wọ́n ní ṣebí ẹran ni akùkọ, kí wá ló dé tí wọ́n ń dà á nù tẹ́lẹ̀?

Kí ló dé lóòótọ́?
Torí akọ adìyẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹyin kì í yé, kì í sì í sanra. Bọ̀rọ́ílà, ìyẹn adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran, ti tó pa ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, àmọ́ akọ léyà, ìyẹn irú tí wọ́n ń sìn fún ẹyin, á jẹ fíìdì títí, igbá àyà rẹ̀ á ṣì mú ṣonṣo.

Ṣé irú tó mọ méjèèjì ṣe wà?
Ó wà, ó ti pẹ́. Rhode Island Red àti Plymouth Rock láti Amẹ́ríkà, Sussex àti Orpington láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Australorp tí wọ́n fi Orpington ṣe ní Ọsirélíà. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹyin wọn ò ní tó ti léyà, tiwọn lè wà ní bíi 200 lọ́dún níbi tí léyà ti ń yé 300, akọ wọn náà á gbà tó ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 kó tó ṣeé pa.

Léyà pupa mi ń yé dáadáa, ṣé mi ò lè kó akùkọ sí wọn kí wọ́n máa bísíi?
Wọ́n á bí, àmọ́ ọmọ wọn ò ní jọ wọ́n, ibí yìí gan-an ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Àmúlùmálà ni léyà yẹn, ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pa pọ̀ láti rí i, tí ẹ bá wá mú un bímọ, ohun tí wọ́n pa pọ̀ yẹn á tún fọ́n ká, ọ̀kan á yé dáadáa, òmíràn ò ní yé tó bẹ́ẹ̀, òmíràn á tún kéré lára. Yàtọ̀ síyẹn, wọn kì í sábàá sàba, torí pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ agbo tí kò ní máa sọ yín dẹni tó ń ra òròmọdìyẹ lọ́dọọdún, ògidì ìran ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì rí i pé àwọn tó ń sàba wà nínú wọn. Orpington àti Sussex máa ń sàba. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn sàba lẹ́ẹ̀kan, torí ọjọ́ 21 ló fi ń sàba, á tún tọ́jú ọmọ, kò sì ní yé ní gbogbo àsìkò yẹn.

Akùkọ mélòó?
Ọ̀kan sí àgbébọ̀ 8 sí 10.

Ṣé bàbá ò ní máa gun ọmọ?
Á máa gùn ún, ẹ sì máa rí i nígbà tí ẹyin ò bá pa mọ́, tí ọmọ tó jáde ò sì lágbára. Ẹ pààrọ̀ akùkọ lọ́dún kan sí méjì. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kó ẹyin fún ìsàba, torí àtọ̀ ti àkọ́kọ́ ṣì máa wà lára àgbébọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé wọ́n lè bọ́ ara wọn?
Wọ́n á jẹ kòkòrò àti koríko, ìyẹn nìkan ò tó. Èèpo ẹyin kan ń gba bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù, ẹ fún wọn ní ìkarahun lílọ̀.

Àìsàn ńkọ́?
Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Adìyẹ tuntun kankan ò gbọdọ̀ wọ agbo lọ́jọ́ tó dé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún bí oṣù kan. Tí púpọ̀ bá kú lójijì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.

Mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?
Ká ní àgbébọ̀ 8 lẹ fẹ́, ẹ mú òròmọdìyẹ bíi 20 tí wọn ò tíì yà akọ kúrò lára wọn. Bí ìdajì á jẹ́ akọ, díẹ̀ lè kú. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ 16, ẹ gbé àwọn akọ sórí òṣùwọ̀n, èyí tó wúwo jù tí ara rẹ̀ sì le lẹ máa fi sílẹ̀ fún ìran, kẹ́ ẹ mú òmíràn tì í nítorí ikú, ẹ pa ìyókù jẹ.