Ibi tí àdámọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ìyá mi àgbà kì í bá ẹlẹ́sìn kankan jà. Tí àwọn aláṣọ funfun bá ń lu agogo bọ̀ lójú títì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kà dé nínú Bíbélì wọn, wọ́n á ní "Àdámọ̀ ń kọjá lọ," wọ́n á dúró kí agogo jìnnà, wọ́n á sì tún máa kàwé wọn lọ. Onítẹ̀bọmi paraku ni wọ́n.

Heresy ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí ìyá àgbà ń wí, ẹ̀kọ́ tó yapa sí ti ìjọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, hairesis, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "yíyàn" lọ. Ẹni tó bá yan ẹgbẹ́ ọlọ́gbọ́n tó wù ú, yíyàn tirẹ̀ nìyẹn. Kò sí èébú ńbẹ̀. Josephus, òpìtàn Júù, fi pe àwọn Farisí àti Sadusí láìbínú. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù Irenaeus fi máa kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 180, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: ẹni tó yàn ti di ẹni tó yapa. Ní 380, Theodosius, olú-ọba Róòmù, gbé òfin ti ìtumọ̀ tuntun yìí lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà gba inú Látìn àti Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di 1401, òfin ti wà ní England pé kí wọ́n máa dáná sun aládàámọ̀. Gíríìkì náà ni orthodox, òdìkejì rẹ̀: orthos ni kí nǹkan tọ́, doxa ni èrò. Ṣùgbọ́n odidi ni Gẹ̀ẹ́sì gbé méjèèjì mì. Ẹ bi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì léèrè "yíyàn" tó wà nínú heresy, kò ní rí i.

Tiwa ńkọ́? Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Oṣoògùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ni aṣáájú àwọn tó yí Bíbélì sí Yorùbá, tí odidi rẹ̀ parí ní 1884. Ní Gálátíà 5:20, àdámọ̀ ló wà ńbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àdájẹ ni èyí tí a nìkan jẹ, àdáṣe ni èyí tí a nìkan ṣe. Àdámọ̀, èyí tí èèyàn nìkan jókòó sí kọ̀rọ̀ tó mọ̀. Ṣé yíyàn Gíríìkì kọ́ nìyẹn? Ó tilẹ̀ jù ú lọ, torí àwọn baba wa ní àjọṣe kì í hunni, àdáṣe ní í hunni. Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ìtàn sọ pé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ọlọ̀tẹ̀ ló wọ orúkọ rẹ̀, kò nílò kí òyìnbó ṣàlàyé ẹni tó dá ọ̀nà tirẹ̀ là. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn àgbà Ọ̀yọ́ kí Bíbélì tó dé. Babaláwo tó bá ń kì ẹsẹ Ifá lọ́nà tí àwọn awo ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà, kí ni wọn ì bá pe tirẹ̀?

Àwọn kan ní ara àdàmọ̀dì ni wọ́n ti gé e. Àdàmọ̀dì ni bàtà tí wọ́n tà fún mi lọ́jà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí kí n tó délé. Ti ẹ̀sìn kọ́.

Kèfèrí ni a yá. Lárúbáwá ni, ó gba ọwọ́ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí tó ti wà nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣáájú oníwàásù òyìnbó. Wàásù gan-an, ọ̀dọ̀ wọn la ti gbà á, àti àlùfáà. Crowther kó gbogbo rẹ̀ sínú Bíbélì, kò wẹ̀yìn. Pagan tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ará abúlé ni nínú Látìn, àfi bíi pé Ọlọ́run kì í dé oko.

Ìyókù kò gùn. Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1898, Kérúbù àti Séráfù jáde l'Ékòó ní 1925, agogo sì dé àdúgbò wa. "Ẹ̀kọ́ òdì" ló pọ̀ lẹ́nu àwọn pásítọ̀ báyìí dípò àdámọ̀.

Mo sọ fún ìyá àgbà lọ́jọ́ kan pé ẹni tí wọ́n dáná sun kẹ́yìn ní England nítorí àdámọ̀, Edward Wightman, ní Lichfield, ní 1612, ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ohun tí àwa Onítẹ̀bọmi ń wí gan-an nìyẹn. Ìyá àgbà yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti wọ omi kí wọ́n tó sun ún?"