Ẹ Fi Dùùrù Sílẹ̀ Ná, Baàsì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbọ́

Ẹni tó bá ń gbọ́ Latin jazz, ìyẹn jazz tí wọ́n pò mọ́ ìlù Kúbà àti irú rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń ní kò yé òun. Ó fẹ́ pàtẹ́wọ́ sí i, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ̀bi. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní dùùrù ti rí àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọwọ́ wọn já fáfá nínú orin ìyìn, ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí a dé ìdí orin Kúbà. Orúkọ onídùùrù ni wọ́n rí lára páálí àwo, dùùrù náà ni wọ́n sì ń sá tẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà.

Àwo kan tó dára láti fi kọ́ etí ni Live at the Village Vanguard ti Chucho Valdés, ọmọ Kúbà. Iléeṣẹ́ Blue Note gbé e jáde ní 2000, ó sì gba Grammy fún Latin jazz lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kékeré kan ní New York ni Village Vanguard, ó ti wà láti 1935, níwájú èrò tó wá síbẹ̀ ni wọ́n sì ti gba orin náà sílẹ̀. Mẹ́rin péré ni àwọn eléré: Chucho nídìí dùùrù, Francisco Rubio Pampín nídìí baàsì, Raúl Piñeda nídìí dírọ́ọ̀mù, àti Roberto Vizcaíno tó ń lu kóńgà, ìlù gígùn tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, àti bàtá. Mayra Caridad Valdés, àbúrò Chucho obìnrin, bá wọn kọrin díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fun fèrè kankan, nítorí náà kò nira láti yọ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ìdí gbogbo orin yìí ni clave, ìró márùn-ún tí wọ́n ń fi igi méjì lù: mẹ́ta lápá kan, méjì lápá kejì. Kó, kó, kó, kó-kó. Ẹni tó bá ti jó jùjú tàbí hailáìfù rí ti fẹsẹ̀ tẹ irú rẹ̀. Nígbà míì kò sẹ́ni tó ń lù ú rárá. Inú orí àwọn eléré ló wà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yà kúrò lórí rẹ̀.

Ó wá kan baàsì. Ẹ fi yíàfóònù sétí, torí ẹnu fóònù lásán kì í gbé baàsì jáde dáadáa, baàsì yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Níbi tó pọ̀ jù, ẹ ó rí i pé baàsì kì í dún lórí ení. Ó ń dún ní kété lẹ́yìn èjì, ó tún ń dún lórí ẹ̀rin, bí ení bá sì dé, ó ti dákẹ́. Ohùn tó gbé jáde lórí ẹ̀rin yẹn, ti kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó ń bọ̀ ni. Ó ti sáré ṣíwájú dùùrù lọ dúró dè é. Ení tí ẹ̀yin ń retí kò ní dé láéláé. Ẹ jẹ́ kí ara yín mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó wá gbọ́ ohun mìíràn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó padà sí dùùrù. Ẹni tó mọ bàtá mọ̀ pé ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, omele ló ń gbè é. Bí orin Kúbà bá gbóná, omele ni dùùrù máa ń dà. Ọwọ́ méjèèjì yóò máa tẹ ohùn kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọn yóò sì máa yí i po láìdúró. Montuno ni wọ́n ń pè é. Tres, gìtá kékeré olókùn méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Arsenio Rodríguez, afọ́jú tó mọ tres ta ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, fi dùùrù àti kóńgà kún ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1949, dùùrù sì kọ́ èdè tres. Orin rẹ̀ kan, Como traigo la yuca, wà nínú àwo Chucho yìí. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Tí ó bá wá kan Chucho láti dá ṣe tirẹ̀ ńkọ́? Nínú ẹgbẹ́ ńlá, àwọn onífèrè lè máa gbè é. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sábà máa ń di omele, tí ọwọ́ ọ̀tún á di ìyáàlù. Ẹ gbọ́ ọwọ́ òsì náà nìkan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó mọ ìdí tí àwa onídùùrù fi ń bẹ̀rù ọkùnrin yìí. Ká má parọ́ ṣá, nígbà míì àṣejù máa ń wọ̀ ọ́: ohùn á pọ̀ jọ gìdìgìdì, èmi á sì máa wá ibi tí ènìyàn lè ti mí. Nínú My Funny Valentine, orin Amẹ́ríkà, ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Bàtá tí ẹ ó gbọ́ nínú àwo náà, bàtá wa ni. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ló tún gbé e dìde níbẹ̀ fún òrìṣà, mẹ́ta sì ni wọ́n ń lù: iyá, itótele àti okónkolo, lórí ìjókòó, lórí itan, kì í ṣe lọ́rùn bíi tiwa. Bebo Valdés, bàbá Chucho, ti gbé e wọ inú ẹgbẹ́ orin ijó ní Havana ní 1952, nínú irú orin ijó tuntun kan tó pè ní batanga. Chucho tún gbé e wọ ẹgbẹ́ Irakere tó dá sílẹ̀ ní 1973. Ẹ má retí pé kí bàtá náà ki oríkì fún yín nínú àwo yìí o. Kóńgà ló ń bá ṣeré níhìn-ín, ibi tí ohùn àwọn méjèèjì ti wọnú ara wọn ni kí ẹ máa ṣọ́.