Slope Kì Í Ṣe Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Nọ́ńbà méjì kan wà lára káàdì tí wọ́n ń kọ iye gbígbá sí ní pápá gọ́ọ̀fù. Ọ̀kan ń jẹ́ Course Rating, ìkejì ń jẹ́ Slope Rating. Èyí àkọ́kọ́ kò le rárá: iye tí wọ́n retí pé kí ọ̀gá, ẹni tí handicap rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó; bó bá ṣe kéré ló ṣe dára) jẹ́ òdo, gbá ní ọjọ́ tí kò sí wàhálà. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye gbígbá rẹ̀ kéré ló mọ̀ ọ́n gbá. Bí wọ́n bá kọ 71.3, nǹkan bí 71 ni ọ̀gá máa gbá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ìkejì ni wọ́n sọ di nǹkan tí kì í ṣe.

"Slope pápá yìí 140, iná ni!" Báyìí làwọn kan ń wí, bí ẹni pé Slope ló ń sọ bí pápá ṣe le tó. Gbólóhùn yẹn ló ń bíni nínú. Àwọn mìíràn tiẹ̀ gbà pé torí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ inú pápá ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Slope.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà mọ́tò wò ó. Ọ̀nà kan gùn, ó sì tẹ́jú. Ọ̀nà kejì kúrú, àmọ́ kòtò ló kún ibẹ̀. Awakọ̀ dánfó tó ti ń ná ọ̀nà kejì yìí fún ogún ọdún mọ kòtò rẹ̀ bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Á yà fún ti ọwọ́ ọ̀tún, á fi táyà kan gun etí títì, á sì dé láì pẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀ á já sí kòtò àkọ́kọ́, táyà á bẹ́, á rí i pé jáàkì kò sí nínú bùútù, àwọn ọmọ àdúgbò á yọ, wọ́n á ní kí ó mú owó wá kí àwọn tó tì í, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn náà ló gbẹ́ kòtò ọ̀hún. Ní ọ̀nà gígùn, àwọn méjèèjì ló máa pẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní jìnnà síra wọn. Jíjìnnà síra wọn yìí ni Slope ń wọ̀n. Kò wọn bí ọ̀nà ṣe burú tó.

Nínú gọ́ọ̀fù, awakọ̀ kejì yẹn ni alábọ́dé, ọkùnrin tí handicap rẹ̀ tó nǹkan bí 20. Wọ́n á ṣírò iye tí òun náà máa gbá, wọ́n á yọ ti ọ̀gá kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á fi 5.381 sọ èyí tó kù di púpọ̀. Fún obìnrin, 4.24 ni. Bí àlàfo ọkùnrin bá jẹ́ 21, ó di 113, èyí tí wọ́n fi ṣe agbede. Nọ́ńbà yìí kì í wálẹ̀ ju 55 lọ, kì í sì í ga ju 155.

Ká ní ọ̀gá ń gbá 75 ní pápá kan, alábọ́dé ń gbá 97. Àlàfo 22, Slope 118. Ní pápá mìíràn, ọ̀gá ń gbá 69, alábọ́dé ń gbá 95. Àlàfo 26, Slope 140. Ọ̀gá àti alábọ́dé ló rọrùn fún ní pápá kejì, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń pè ní iná! Lórí àwòrán ìṣirò ni orúkọ yẹn ti wá: bí handicap ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlà iye gbígbá ń gòkè, bí ìlà náà ṣe dagun tó ni Slope. Dean Knuth, tó ṣiṣẹ́ ní USGA, ẹgbẹ́ tó ń darí gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń yìn fún un jù.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ iye tí alábọ́dé máa gbá? Àwọn tó ń wọn pápá kì í jókòó sínú yàrá díwọ̀n. Ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí ni wọ́n ń lọ dúró. Nínú ìlànà wọn, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ọ̀gá ọkùnrin ń lọ 250 yáàdì, ti alábọ́dé ń lọ 200. Tí wọ́n bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá dé 470, alábọ́dé dé 370. Ẹ mú ihò kan, tí ọ̀nà rẹ̀ láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ gùn ní 420 yáàdì. Wọ́n á dúró ní 250 nítorí ọ̀gá, wọ́n á dúró ní 200 àti ní 370 nítorí alábọ́dé. Níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn bí fairway, ojú ọ̀nà tí wọ́n gé koríko rẹ̀, ṣe fẹ̀ tó, bí igi àti omi ṣe súnmọ́ tó. Kòtò iyanrìn tó wà ní 205 yáàdì ti ya ẹnu de alábọ́dé. Bọ́ọ̀lù ọ̀gá á fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Kòtò kan ṣoṣo, máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti òkè, ìwé méjì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí gíríìnì, ibi koríko kúkúrú tí ojú ihò wà, bá ga ju ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ lọ, ihò náà ti gùn ju ohun tí káàdì wí nìyẹn, wọ́n á fi kún gígùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó sábà máa ń fẹ́ níbẹ̀ àti bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lórí ilẹ̀ wà nínú ìwé yìí kan náà. Pápá tó bá ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, bíi ti ìlú Denver ní Amẹ́ríkà tó wà ní 5,280, wọ́n á dín gígùn rẹ̀ kù, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù sì ń lọ jìnnà. Ìwé kejì ni ti ìdúró: níbi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí, ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì lè tẹ́ sílẹ̀, àbí ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀? Wọ́n á fún un ní máàkì láti 0 dé 10, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún igi, omi, iyanrìn àti ojú gíríìnì. Ẹ̀rù pàápàá ní máàkì tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá àyà rẹ̀ já. Inú máàkì àwọn ìdènà yòókù ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Òjò tòní ńkọ́? Kò sí nínú gbogbo èyí. Látìgbà tí ètò handicap àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ ní 2020, PCC, ìṣirò tó ń sọ bí pápá ṣe rí lọ́jọ́ kan, ló ń bójú tó o, kì í sì í wo ojú ọ̀run rárá. Bí Lámídì nìkan bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, Lámídì ni ẹ bá wí. Bí àwọn tí kì í pẹ́ bá pẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú ọ̀nà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á fi iye tí kálukú gbá lónìí wé iye tó yẹ kó gbá. Bí èèyàn kò bá tó mẹ́jọ, kò ní sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá tó, á mú nọ́ńbà kan láti -1 dé +3, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú iye gbígbá kí wọ́n tó ṣírò handicap.

Àmọ́ nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo ọjọ́. Ẹni tí ìjì bá ní pápá ní aago méje àárọ̀ àti ẹni tó gbá a nínú oòrùn ní aago méjì ọ̀sán, +1 kan náà ni wọ́n jọ máa pín.