Èèkàn iye ni, kì í ṣe ìdákọ̀ró

Ó máa ń bí mi nínú bí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìpolówó ọjà bá ti kọ "áńkọ̀" sílẹ̀, ìyẹn iye tí èèyàn kọ́kọ́ rí, tó sì ń fa iye tí òun fúnra rẹ̀ máa dá lé nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tí wọ́n sì kọjá lọ bí ẹni tó ti túmọ̀ nǹkan. Àwọn tó tiẹ̀ gbìyànjú ní ká máa pè é ní "ìdákọ̀ró". Mi ò gbà. Ìdákọ̀ró ń dá ọkọ̀ dúró gbagidi ni. Iye tí oníbàárà kọ́kọ́ rí kì í dá a dúró: ó ṣì ń ná ọjà náà lọ́kàn ara rẹ̀, kò kàn ní rìn jìnnà ni. Ọ̀rọ̀ ìtùnú sì ni ìdákọ̀ró lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́, ìrètí ni wọ́n fi ń pè. Kí ló dé tí a óò wá fi sọ ohun tó ń yọ owó lápò èèyàn lórúkọ?

Èèkàn ló bá a mu. Ẹ wo ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ó ń jẹko kiri, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó dè é. Ṣùgbọ́n ibi tí okùn bá mọ ni koríko rẹ̀ mọ, ẹni tó kan èèkàn mọ́lẹ̀ ló sì yan ibẹ̀ fún un.

Tversky àti Kahneman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi èyí hàn ní 1974. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn. Wọ́n ti dọ́gbọ́n sí i pé orí 10 tàbí 65 nìkan ni yóò máa dúró. Wọ́n wá bi wọ́n pé: nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti Áfíríkà? Ìdáhùn tó bọ́ sí àárín láàárín àwọn tó rí 10 jẹ́ 25. Ti àwọn tó rí 65 jẹ́ 45. Kẹ̀kẹ́ lásán-làsàn!

Ohun tí ọlọ́jà ń ṣe náà nìyẹn tó bá kọ 100, tó fa ìlà pupa dábùú rẹ̀, tó wá kọ 60 sábẹ́. 60 ti dẹ̀dínwó lójú wa, a ò sì bi ara wa bóyá ọjà ọ̀hún tó 40. Ìdí nìyí tí wọ́n tún fi ń to èyí tó wọ́n jù síwájú. Àwọn kan ń ya nọ́ńbà tó kan ọjà, bí 100 yìí, sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kàn án, bíi ti kẹ̀kẹ́ yẹn; okùn kan náà ni.

Ẹ má sì pe irú àṣìṣe ìrònú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní "bias" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní "ẹ̀tanú" mọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ìkórìíra wà nínú ẹ̀tanú. Ẹni tó rí 65 lára kẹ̀kẹ́ kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ìtẹ̀sí ọkàn ni: ọkàn rẹ̀ ti tẹ̀ síbì kan kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.