Negative: agbára tó wà nínú sísọ̀kalẹ̀

Ẹni tó rọ̀ mọ́ irin, tó làágùn títí tí kò rí ara rẹ̀ fà sókè, ẹ má sọ pé kò lágbára. Ẹ bá a gbé e dé òkè kí àgbọ̀n rẹ̀ kọjá irin, kí ẹ wá ní kó máa rọra bọ̀ wálẹ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó lè ṣe ìyẹn. Bíbọ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn, láìjẹ́ kí ara já wálẹ̀, ni wọ́n ń pè ní negative, òun ló sì ń sin ọ̀pọ̀ èèyàn dé ìdí pull-up àkọ́kọ́ wọn, ìyẹn fífa ara sókè lórí irin.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣan ń gbà ṣiṣẹ́. Ó lè súnkì, bí ìgbà tí a ń fa ara sókè. Ó lè dúró gbagidi lójú kan. Ó sì lè máa nà nígbà tó ṣì di ẹrù mú. Ìgbà tó ń nà yìí ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù; ìdí nìyẹn tí apá tí kò lè fa yín sókè fi lè dá yín dúró kí ẹ má já.

Ẹ gbé àpótí tí kì í mì sábẹ́ irin, kó ga tó kí àgbọ̀n yín lè yọ lókè irin láìfò. Ẹ di irin mú, kí ọwọ́ fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. Ẹ fa èjìká sísàlẹ̀ kúrò lẹ́bàá etí, ẹ mú ikùn le, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ wá máa bọ̀ wálẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún.

Ẹ̀tàn wà nínú kíkà yìí o. Ọ̀pọ̀ máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lókè níbi tó rọrùn, tí ìgúnpá bá ti wá ká bí igun ìwé, wọ́n á já. Ìdajì ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan lókè, kan láàárín, kan nígbà tó kù díẹ̀ kí apá nà tán.

Ìpele 3, kí ẹ bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín ìpele, ti tó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí ẹ kò bá lè káwọ́ bíbọ̀ náà mọ́, ó parí fún ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ bá lè fi ìṣẹ́jú àáyá 10 bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ dán pull-up wò.

Ara ríro máa ń dé lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó sì máa ń dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tí apá bá wú, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú bí omi tíì, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà.

Oríkèé ni kí ẹ máa ṣọ́. Okùn líle tó so iṣan mọ́ eegun máa ń pẹ́ ju iṣan fúnra rẹ̀ lọ kó tó lágbára. Tí ẹ bá lè fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ń dunni nínú ìgúnpá, ẹ dín iye ìgbà tí ẹ ń ṣe é kù sí ìdajì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà lórí àpótí láti gba díẹ̀ lára ìwúwo yín.

Ọgbọ́n kan náà ló wà fún press-up: ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 5 sọ àyà kalẹ̀, kí ẹ fi orúnkún kanlẹ̀ kí ẹ tó padà sókè.